Ẹ̀wà Mẹ́síkò àti Àkàrà Ọ̀rẹ́ Mi

Bí ènìyàn bá mọ òótọ́ tí ó sì dákẹ́, ṣé ó ti parọ́? Ó ti tó oṣù méjì báyìí tí ìbéèrè yìí ti ń dà mí láàmú. Ìkòkò ẹ̀wà kan ló bí i.

Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ oúnjẹ ní SS2 ní kí oníkálukú wa se oúnjẹ ilẹ̀ òkèèrè kan nílé, kí a gbé e wá sí kíláàsì nínú kúlà, kí a sì ṣàlàyé ibi tí ó ti wá. Máàkì 20 ni. Èmi mú ẹ̀wà àwọn ará Mẹ́síkò, èyí tí wọ́n ń pè ní frijoles de olla. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju ẹ̀wà inú ìkòkò lọ. Mo rò ó pé yóò rọrùn, torí ta ni kò mọ ẹ̀wà sè?

Wọ́n a máa se ẹ̀wà dúdú, tàbí èyí tí ara rẹ̀ rí tóótòtó, nínú omi púpọ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà, aáyù, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ díẹ̀ àti ewé kan tí òórùn rẹ̀ le, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ epazote. Iná rẹ̀ kì í pọ̀. Bí omi bá ń lọ sílẹ̀, omi gbígbóná ni wọ́n ń bù sí i. Wọn kì í jẹ́ kí ó gbẹ bíi tiwa, nítorí inú omi yẹn gan-an ni adùn wà. Wọ́n á bù ú mọ́ ẹ̀wà sínú abọ́, wọ́n á sì fi tortilla jẹ ẹ́, ìyẹn búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi àgbàdo ṣe.

Mi ò rí ẹ̀wà dúdú lọ́jà wa, olóyin ni mo rà. A kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ nílé wa, mo fi òróró rọ́pò ọ̀rá rẹ̀. Efinrin tí mo já lẹ́yìnkùlé di epazote. Tortilla di ẹ̀kọ tí mo rà lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́kọ. Màmá Àgbà jókòó sórí àpótí, wọ́n ń wò mí. Wọ́n ní kí n fi káún sí i kó lè tètè rọ̀. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, àwọn ará Mẹ́síkò kì í lo káún.” Wọ́n ní epo ńkọ́? Mo ní wọn kì í lo epo pupa sí i. Nígbà tí ó jinná, wọ́n tọ́ omi rẹ̀ wò, wọ́n ní, “Ẹ̀wà aláìsàn rèé.” Ṣùgbọ́n abọ́ méjì ni wọ́n jẹ.

Ní kíláàsì, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó ló kọ́kọ́ jáde. Àkàrà ló gbé wá. Ó ní oúnjẹ Bahia ní Brazil ni, acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, torí kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ń dín àkàrà ní ìkóríta. Olùkọ́ wa ní kó má fi ọ̀lẹ ṣe ọgbọ́n, pé inú agbada ìyá rẹ̀ ló ti bù ú. Ó fẹ́ ṣàlàyé, wọ́n ní kó lọ jókòó. Wọ́n fún un ní 6.

Èmi sì mọ̀. Ní Sátidé tó ṣáájú, àwa méjèèjì la jọ kà á lórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé àkàrà dé Bahia. Inú epo pupa ni wọ́n ṣì ń dín in, àwọn obìnrin tó wọ aṣọ funfun ló ń tà á ní ìgboro Salvador, àti pé ní ọdún 2005 ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún orílẹ̀-èdè náà. Mo mọ gbogbo èyí, mo sì dákẹ́. Ìgbà tó kàn mí, mo ṣí kúlà mi, mo ní, “Báyìí gẹ́ẹ́ ni wọ́n ṣe ń sè é ní Mẹ́síkò.” Wọ́n fún mi ní 18.

Mo kọ́kọ́ rò pé inú ìkòkò ni irọ́ mi wà. Nǹkan mélòó ló kù nínú rẹ̀ tó jẹ́ ti Mẹ́síkò? Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rò ó sí i ni ọ̀rọ̀ ń yí padà. Kò sí ata ṣọ̀ǹbọ̀, kò sí tòmátì, kò sí àgbàdo nílẹ̀ Áfíríkà kí Columbus tó dé Amẹ́ríkà ní 1492. Orúkọ tòmátì pàápàá, inú èdè Nahuatl tí àwọn Aztec ń sọ ló ti wá: tomatl. Síbẹ̀ Màmá Àgbà ń pe ọbẹ̀ wọn ní ọbẹ̀ ilẹ̀ wa, kò sì sí ẹni tó lè pè wọ́n ní òpùrọ́. Àgbàdo ńkọ́? Àwọn àgbẹ̀ Mẹ́síkò ló sọ koríko ìgbẹ́ kan di àgbàdo ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀wà olóyin ní tirẹ̀, ọmọ Áfíríkà ni. Nínú gbogbo ohun tí mo gbé lọ sí kíláàsì lọ́jọ́ náà, ẹ̀kọ tí mo ń tijú rẹ̀ ló súnmọ́ Mẹ́síkò jù!

Ti káún ló wá pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn ará Mẹ́síkò ní tiwọn, tequesquite ni wọ́n ń pè é. Iyọ̀ ilẹ̀ ni, ibi tí omi adágún ti gbẹ ni wọ́n ti ń kó o, wọ́n sì ti ń lò ó kí àwọn ará Sípéènì tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ń fi í mú ẹ̀wà rọ̀. Màmá Àgbà tí kò kúrò ní ìlú wa rí mọ ẹ̀wà Mẹ́síkò jù mí lọ.

Nítorí náà, mi ò rò pé pípààrọ̀ èròjà ni irọ́. Bí mo bá ti sọ pé “olóyin ni mo lò, efinrin ni mo já,” ẹ̀wà mi ì bá jẹ́ òótọ́. “Gẹ́ẹ́” tí mo sọ ni irọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mi sì burú jù ú lọ.

Mo wá àwáwí fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà. Mo ní ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ kì í já àgbà nírọ́ ní gbangba. Àwáwí yìí dùn mọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, títí mo fi bi ara mi léèrè pé, bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n fún ní 6 ńkọ́? Ṣé mi ò ní rí ọ̀nà tí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀? Ẹ̀rù 18 tí mi ò tíì gbà ló pa mí lẹ́nu mọ́.

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ti ọ̀rẹ́ mi tún yàtọ̀ díẹ̀. Òtítọ́ tirẹ̀ kùtà nítorí pé ó jọ wá jù. A ti gbà pé ohun òkèèrè gbọ́dọ̀ ṣàjèjì. Ẹ̀wà mi tí kò lépo ṣàjèjì, àwa náà sì gbà á gbọ́.

Mo lọ bá olùkọ́ wa ní ọ́fíìsì wọn. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àkàrà náà, mo sì jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ efinrin. Wọn ò bínú. Wọ́n kàn béèrè ẹni tó rán mi, wọ́n sì ní wọ́n ti fi máàkì ránṣẹ́. Mo sáré lọ sọ fún ọ̀rẹ́ mi, mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn. Ó wò mí, ó ní, “Ojú gbogbo kíláàsì ni wọ́n ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kọ̀rọ̀ ni ìwọ lọ sọ ọ́.”

Mi ò rí èsì fún un, mi ò sì tíì rí i títí di òní. Gbogbo kíláàsì wa ni yóò ka àròkọ yìí bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jáde, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìyẹn kò jọ pé kí n dìde lọ́jọ́ náà.

Ní Sátidé tó kọjá, mo tún se ẹ̀wà náà. Mo fi káún sí i lọ́tẹ̀ yìí, Màmá Àgbà ló wọ̀n ọ́n fún mi. Ọ̀rẹ́ mi wá, ó mú àkàrà ìyá rẹ̀ dání nínú ewé. Ó ki àkàrà bọ inú omi ẹ̀wà, ó jẹ ẹ́, ó ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó.