Àyànmọ́, Àṣà àti Ìbéèrè

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àyànmọ́ kò gbóògùn. Òwe yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kùnà ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì, bí oníṣòwò bá jẹ gbèsè, bí abilékọ bá ń jẹ ìyà nílé ọkọ, kì í pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi mí kanlẹ̀, tí yóò sì wí pé bí orí ṣe yàn án nìyẹn. Bí a bá ti sọ èyí tán, ọ̀rọ̀ bùṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò pa ìwé rẹ̀ dé, oníṣòwò kò ní yẹ ìṣirò rẹ̀ wò mọ́, abilékọ yóò sì gba kádàrá. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò ni èyí: ǹjẹ́ ìgbàgbọ́ Yorùbá nípa orí ni ó pa ènìyàn lẹ́nu mọ́ báyìí, tàbí ọmọ ènìyàn fúnra rẹ̀ ni ó fi òwe mọ odi yí ara rẹ̀ ká?

Kí a tó dáhùn, ó tọ́ kí a fún òwe náà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà tí ó pa á kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n mọ̀ pé àwọn nǹkan kan wà tí agbára ẹ̀dá kò ká: kò sí ẹni tí ó lè padà sínú ìyá rẹ̀ kí a tún un bí, kò sì sí ẹni tí ó lè dá ọjọ́ ikú padà bí ó bá pé. Fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, òwe náà jẹ́ ọ̀pá ìtìlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pá tí a fi ń ti ẹni tí ó rẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀pá tí a fi ń dábùú ọ̀nà.

Bí a bá sì tú ọ̀rọ̀ náà wò, a óò rí i pé Yorùbá kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe ìpín ènìyàn. Wọ́n ń pè é ní àkúnlẹ̀yàn, èyí tí ènìyàn kúnlẹ̀ yàn. Wọ́n ń pè é ní àkúnlẹ̀gbà, èyí tí ó kúnlẹ̀ gbà. Wọ́n sì ń pè é ní àyànmọ́, èyí tí a yàn mọ́ ọn. Èyí àkọ́kọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi hàn pé ènìyàn lọ́wọ́ nínú ohun tí ó di tirẹ̀.

Ìtàn Afùwàpẹ́, ọmọ Ọ̀rúnmìlà, tí àwọn babaláwo máa ń sọ, tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, ọmọ Ògún àti ọmọ Ìja, ń bọ̀ wá sílé ayé, wọ́n sì ní láti kọ́kọ́ yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tí ń mọ orí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò dúró bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n rí orí ńláńlá, wọ́n gbé e. Wọn kò mọ̀ pé orí náà kò dára tó bí ó ti tóbi tó. Òjò pa wọ́n lọ́nà, ó sì jẹ orí wọn. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ baba rẹ̀. Wọ́n dífá fún un, wọ́n ní kí ó fi iyọ̀ àti owó rúbọ, kí ó sì mú lára rẹ̀ dání. Lójú ọ̀nà, ó bá oníbodè kan tí ó ń fi eérú se ọbẹ̀. Ó bu iyọ̀ sí i. Oníbodè tọ́ ọ wò, ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì fi ọ̀nà han àlejò rẹ̀. Owó tí ó kù ni Afùwàpẹ́ fi bá Àjàlá san gbèsè ọrùn rẹ̀, òun náà sì gba orí rere tí òjò kò lè bà jẹ́.

Ẹ̀kọ́ kìíní hàn gbangba. A kò sọ pé Afùwàpẹ́ lágbára ju àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Ó bèèrè ni, abèèrè ọ̀nà kì í sì í ṣìnà. Ẹ̀kọ́ kejì fara sin díẹ̀, ọ̀dọ̀ oníbodè ni ó wà. Kò sí ẹni tí ó fi ipá mú un jẹ eérú. Eérú ni ó bá, eérú ni ó mọ̀, kò sì mọ̀ pé ọbẹ̀ òun kù káàtó títí iyọ̀ fi kan ahọ́n rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìgbàgbọ́ tí ń fa ènìyàn sẹ́yìn. Kì í dé bí ọ̀tá; inú ìkòkò ilé ni a ti ń bá a. Ohun tí ó sì yẹ ní yíyìn lára oníbodè ni pé kò da ọbẹ̀ náà nù nítorí pé àlejò ni ó bu iyọ̀ sí i.

Ohun tí ń ṣe ẹnì kan a máa ṣe ìlú pẹ̀lú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọ̀pọ̀ òbí gbà pé owó tí a bá ná lórí ọmọbìnrin nílé-ìwé ti ṣòfò, nítorí ilé ọkọ ni yóò gbé e lọ. Bí a bá bèèrè ìdí, èsì ni pé bẹ́ẹ̀ ni a ti ń ṣe é. Ní ọdún 1914, ilé-ìwé girama Abẹ́òkúta gba àwọn ọmọbìnrin. Lára wọn ni èyí tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí a bí ní 1900. Ó lọ kàwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1919, ó sì padà wálé ní 1922. Láàárín àwọn ọdún 1940, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà ní mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà. Láìpẹ́, wọ́n ń bèèrè pọ̀ ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ti ń rò nínú tẹ́lẹ̀: èéṣe tí obìnrin fi ń san owó-orí nígbà tí kò ní aṣojú níbi tí a ti ń ṣe ìpinnu lórí rẹ̀? Ní 1947, wọ́n gbé ìbéèrè náà dé ẹnu ọ̀nà ààfin. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà kan. Ó padà ní 1950.

Àwọn kan yóò wí pé irú ìbéèrè báyìí ni ń ba àṣà jẹ́, pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Òótọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n kò ba obìnrin yìí wí. Ní àkókò ìjà náà, ìró àti bùbá ni ó ń wọ̀ bí àwọn ọlọ́jà, èdè Yorùbá ni ó sì ń bá àwọn aláṣẹ òyìnbó sọ, kí wọ́n wá ògbufọ̀. Ó ti pa orúkọ òyìnbó tì, ó ń jẹ́ Fúnmiláyọ̀. Ẹni tí ó bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ kò fọ́ ìkòkò. Ìtàn sì fi yé ni pé láyé àtijọ́, àwọn ibì kan wà nílẹ̀ Yorùbá tí a ti ń ka ìbejì sí èèmọ̀, tí a kì í jẹ́ kí wọ́n yè. Lónìí, ìdùnnú ni bíbí ìbejì. Bí kò bá sí ẹni tí ó bèèrè, ta ni ìbá ki Táyé àti Kẹ́hìndé?

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ká ènìyàn lọ́wọ́ kò ni ó burú. Àṣà tí ó ní kí ọmọ má bú àgbà ká ọmọ lẹ́nu kò, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ ọ ní sùúrù. Nítorí náà, ìbéèrè pàápàá ní ìlànà. A ní láti bèèrè ìdí tí àwọn baba fi dá àṣà náà sílẹ̀, bóyá ìdí náà ṣì wà. Ẹni tí ó ń gbè àti ẹni tí ó ń ni lára. Àti ohun tí a óò fi rọ́pò rẹ̀ bí a bá mú un kúrò. Ẹni tí kò lè dáhùn èyí tí ó kẹ́yìn, kí ó ṣì mú sùúrù. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìmọ̀ràn ni òwe náà ń pè fún, kì í ṣe ariwo.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kùnà ìdánwò. Ó lè jẹ́ pé kò mọ bí a ti ń kàwé ni. Ó lè jẹ́ pé ebi ń pa á, tàbí pé ojú rẹ̀ kò ríran dé ara pátákó. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ó ní àtúnṣe, bí ẹnì kan bá bèèrè. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá wò ó lójú, tí ó ní orí rẹ̀ kò gba ìwé, ti jókòó sórí àpótí Àjàlá, ó sì ti mọ orí tí kò jiná fún ọmọ ọlọ́mọ. Bí òjò bá wá rọ̀ lọ́nà, kí a má ṣe pe ohun tí olùkọ́ fi ẹnu rẹ̀ mọ ní àyànmọ́.