Ẹ̀tọ́ Ọmọ Ìlú
Ẹ̀kọ́: Ìṣe Àwọn Àpósítélì 22:25–29

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ní Adó-Èkìtì àti agbègbè rẹ̀, ẹ kíyè sí Pọ́ọ̀lù Àpósítélì. Nígbà tí wọ́n dè é láti nà án, ó bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìlú Róòmù. Owó púpọ̀ ni ọ̀gágun fi ra irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. A bí i mọ́ Pọ́ọ̀lù ni. Ẹni tí ń retí ìlú ti ọ̀run kò fi òfin ti ayé ṣeré.

Ẹ rántí àwọn Yorùbá tí ń ṣòwò ní Gánà. Kí ó tó di 1957, abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni ilẹ̀ méjèèjì wà. Gánà gba òmìnira, òfin yí padà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gba ìwé. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, 1969, ìjọba K. A. Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tí a bí sí ibẹ̀ pàápàá di ẹrù wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ tí ń lọ sí òkè-òkun, físà kì í ṣe àṣẹ àtigbé títí. Àṣẹ àtigbé títí kì í sì í ṣe jíjẹ́ ọmọ ìlú. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní, 1983, ọmọ tí a bí sí London kì í di ọmọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ tí a bí i, àfi bí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ ìlú, tàbí tí ó ti gba àṣẹ àtigbé títí. Ẹ ka òfin kí ẹ tó lọ. Ẹ má sì ṣe parọ́ sínú ìwé.

Ṣùgbọ́n ní 1983 kan náà, ilẹ̀ wa lé àwọn ará Gánà jáde. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ àlejò ní ìlú onílùú, kí ó ṣe àlejò tirẹ̀ dáradára. Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́. Àmín.