Ibi tí Ìtumọ̀ Ń Gbé: Ìbéèrè tí Ọ̀rọ̀ Kéékèèké Inú Èdè Gẹ̀ẹ́sì Gbé Dìde

Ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè àtayébáyé inú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ọgbọ́n-orí ni ìbéèrè nípa ibi tí ìtumọ̀ ń gbé: ṣé inú ẹyọ ọ̀rọ̀ ni, tí gbólóhùn kò fi ju àròpọ̀ ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ, tàbí inú gbólóhùn ni, tí ẹyọ ọ̀rọ̀ kò fi ní ju ohun tí àwọn tó bá a rìn bá fún un lọ? Ọ̀rọ̀ bí “ilé”, “omi” àti “igi” kì í jẹ́ kí ìṣòro yìí hàn, nítorí pé ẹni tó bá gbọ́ wọn lè na ìka sí ohun tí wọ́n dúró fún. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí kò ní ohun kan pàtó tí a lè na ìka sí ni wọ́n ń dán èrò wò, èdè Gẹ̀ẹ́sì ojoojúmọ́ sì kún fún wọn.

Ojú tí àwọn àgbà nínú ìmọ̀ fi wo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò dọ́gba. Nínú ìwé rẹ̀ tí a mọ̀ sí Poetics, Aristotle ka ọ̀rọ̀ asopọ̀ sí ìró tí kò ní ìtumọ̀ ti ara rẹ̀. Priscian, onígírámà èdè Látìn ní ọ̀rúndún kẹfà, ṣàlàyé pé àwọn onímọ̀ àríyànjiyàn gba ọ̀rọ̀ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìṣe nìkan sí ẹ̀yà ọ̀rọ̀ gidi, tí wọ́n sì pe ìyókù ní syncategoremata, èyí ni ọ̀rọ̀ tí kì í dá ní ìtumọ̀ àfi tó bá bá òmíràn rìn. John Locke gba ọ̀nà mìíràn nínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí òye ọmọ ènìyàn tó jáde ní ọdún 1690: ó ya odindi orí kan sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ kéékèèké, ó sì jiyàn pé ọ̀rọ̀ orúkọ ń tọ́ka sí èrò tó wà lọ́kàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kéékèèké ń fi ohun tí ọkàn ń ṣe sí èrò wọ̀nyẹn hàn, yálà ó so wọ́n pọ̀ ni tàbí ó yà wọ́n.

Kí a tó lè dá ẹjọ́ yìí, ó yẹ kí ìṣe àwọn ọ̀rọ̀ náà hàn. Ọ̀rọ̀ atọ́kùn ni èyí tó máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ orúkọ láti fi ibi, àkókò tàbí ìbátan hàn. Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni èyí tó ń sọ bí ìṣe ṣe wáyé. Wúnrẹ̀n sì ni ọ̀rọ̀ kékeré tó rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe tó sì ń pín nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà lè jẹ́ atọ́kùn níbì kan, kó sì di wúnrẹ̀n níbòmíràn. Nínú “he ran up a hill”, tó túmọ̀ sí pé ó sáré gun òkè, atọ́kùn ni “up”, ti òkè náà ló sì ń ṣe. Nínú “he ran up a bill”, tó túmọ̀ sí pé ó jẹ gbèsè jọ, wúnrẹ̀n ni, ti ọ̀rọ̀ ìṣe ló sì ń ṣe. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé elédè Gẹ̀ẹ́sì lè sọ pé “he ran the bill up”, ṣùgbọ́n kò jẹ́ sọ pé “he ran the hill up”. Bákan náà, tí àbọ̀ bá jẹ́ ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ, àárín ló gbọ́dọ̀ bọ́ sí bí ó bá jẹ́ wúnrẹ̀n ni, bíi “look it up”, ẹ̀yìn ni yóò sì wà bí ó bá jẹ́ atọ́kùn ni, bíi “look after it”.

Nígbà mìíràn, àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń tò tẹ̀lé ara wọn, oníkálukú sì ń mú ìpín tirẹ̀ wá. Nínú “come right back in”, àpọ́nlé “right” ń sọ pé kí ẹni náà má yà síbì kankan, “back” ń fi ìpadàbọ̀ hàn, “in” sì ń fi ìwọlé hàn; ohun tí Yorùbá ń fi ọ̀rọ̀ ìṣe bí “padà” àti “wọ” sọ ni Gẹ̀ẹ́sì ń fi wúnrẹ̀n sọ. Àpẹẹrẹ yìí gbè sẹ́yìn àwọn tó ní àròpọ̀ ni ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n “put up with” dojú àlàyé wọn délẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá ro fífi nǹkan sílẹ̀, òkè àti “pẹ̀lú” pọ̀ kò lè dé ibi ìfaradà. “Give up” ni kí a jáwọ́, “give in” ni kí a túúbá, “give away” sì lè jẹ́ kí a fi nǹkan tọrẹ tàbí kí a tú àṣírí, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Samuel Johnson ti kíyè sí ìṣòro yìí nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ ní ọdún 1755, ó sì gbà pé ibẹ̀ ni ìṣòro àjèjì tó ń kọ́ èdè náà ti le jù.

Gottlob Frege, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ọmọ Jámánì, fi lélẹ̀ ní ọdún 1884 pé inú gbólóhùn ni kí a ti máa béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, kí a má ṣe béèrè rẹ̀ ní òun nìkan. Ìlànà yìí ṣàlàyé ìdí tí “up” fi ń yí padà láti ibì kan sí ibòmíràn, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gùn lé e dé ibi tí yóò ti sọ pé òfìfo ni ọ̀rọ̀ náà. Nínú “eat up”, “drink up” àti “use up”, iṣẹ́ kan náà ni “up” ń ṣe, ìyẹn ni pé ó ń fi hàn pé ìṣe náà dé òpin, tí nǹkan kan kò ṣẹ́kù. Láfikún, George Lakoff àti Mark Johnson tọ́ka sí i ní ọdún 1980 pé elédè Gẹ̀ẹ́sì a máa ro ohun tó bá ń pọ̀ sí i gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń gòkè, èyí tó jẹ́ kí gbèsè tó ń ga nínú “ran up a bill” bá òkè tí ènìyàn ń gùn tan.

Èdè Yorùbá pàápàá ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe “bàjẹ́” wà lára àwọn tí àbọ̀ máa ń là sí méjì, bíi “ó ba aṣọ náà jẹ́”, kò sì sí ẹni tó lè wọn iye ìtumọ̀ tó wà nínú “bà” àti iye tó wà nínú “jẹ́”. Ìtumọ̀ kan ló wà níbẹ̀, ara rẹ̀ ló pín sí méjì, gẹ́gẹ́ bí “look it up” náà ṣe pín.

Nítorí náà, ìhà méjèèjì ló gba apá kan òtítọ́, tí wọ́n sì gbàgbé apá kejì. Ọ̀rọ̀ kékeré ní agbára tirẹ̀ tó ń gbé kiri, ṣùgbọ́n àdéhùn tí àwọn elédè ti ṣe láàárín ara wọn ló ń pinnu ibi tí agbára náà yóò mọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèǹgbè: ọ̀rọ̀ ìṣe ló ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ kékeré ló ń sọ bí ọkàn ṣe gbà á. Ìdájọ́ tó tọ́ ni pé inú oríkèé tó so ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ni irú ìtumọ̀ yìí ń gbé, ẹni tó bá sì ń túmọ̀ èdè kan sí òmíràn gbọ́dọ̀ mọ oríkèé náà kó tó fọwọ́ kan ẹyọ ọ̀rọ̀.