Àṣírí Ìpàdé àti Ẹ̀tọ́ Ará Ìlú

  

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin:

Àwa tí a ń gbé ní Igbódìgò mọ bí ó ti máa ń rí. Alága ìjọba ìbílẹ̀ kan lọ bá ti ìkejì jókòó, bóyá lórí ilẹ̀ ààlà, bóyá lórí ọ̀nà tí ó so ìlú pọ̀ tàbí owó ọjà. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ará ìlú béèrè pé, "Kí ni ẹ fẹnu kò sí?" Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ àṣírí ni." Àwọn ọ̀dọ́ kan bínú, wọ́n ní gbogbo ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ ni ó yẹ kí gbogbo ayé gbọ́. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ àgbà kò kan ọmọdé. Èwo ni ẹ̀sìn wa fọwọ́ sí?

Nínú Sūratun-Nisāʾ, āyah 114, Ọlọ́hun jẹ́ kí a mọ̀ pé kò sí oore nínú púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ àwọn ènìyàn, àyàfi ti ẹni tí ó ń pàṣẹ sàráà, tàbí iṣẹ́ rere, tàbí àtúnṣe láàrin ènìyàn. Ẹ kíyè sí i pé Ọlọ́hun kò ka ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ léèwọ̀ pátápátá. Ó yọ ìlàjà sílẹ̀. Ẹni tí ó ń làjà nílò ibi tí àgbà kan ti lè sọ pé, "Bí ẹ bá fi etí odò sílẹ̀ fún wa, a ó fi oko sílẹ̀ fún yín," tí wọn kò ní pè é ní ọ̀dàlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. A kò tíì gbàgbé bí Ìlàjẹ àti àwọn Ìjọ̀ Arógbò ṣe bára wọn jà ní ọdún 1998, nítòsí wa níhìn-ín. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá gbé ọ̀rọ̀ tí kò tíì jinná jáde, epo ni ó ń dà sí iná.

Nígbà tí Anas ibn Mālik wà ní ọmọdé, Ànábì rán an níṣẹ́. Ìyá rẹ̀ béèrè ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Ó ní àṣírí Ànábì ni. Ìyá rẹ̀ kò bá a jà. Ó ní kí ó má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Hàdíìsì náà wà nínú Sahīh Muslim. Amāna ni ọ̀rọ̀ ìpàdé, àgbàfipamọ́ ni.

Ṣùgbọ́n amāna ní ààlà. Abū Dāwūd gba ọ̀rọ̀ kan wá pé amāna ni ìpàdé, àyàfi èyí tí a ti gbìmọ̀ ìtàjẹ̀sílẹ̀, tàbí àgbèrè, tàbí kíkó owó olówó láìtọ́. Àwọn onímọ̀ ní ẹ̀wọ̀n ìgbàwá rẹ̀ kò lágbára, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ bá ìpìlẹ̀ ẹ̀sìn mu: a kì í fi amāna bo olè mọ́lẹ̀.

Ẹ wo ìṣe Ànábì. Ní ọdún 622, kí hijrah tó wáyé, ọkùnrin 73 àti obìnrin 2 láti Madīnah yọ́ jáde lóru lọ pàdé rẹ̀ ní ʿAqabah. Wọ́n fi í pamọ́ fún Quraysh, nítorí ẹ̀mí ìbá lọ sí i. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tí ó ṣe àdéhùn níbẹ̀, títí kan Nusaybah àti Asmāʾ, ni ó mọ ẹrù tí wọ́n gbé lé ara wọn lórí.

Ní 628, Makkah àti Madīnah jókòó ní Hudaybiyyah. Suhayl ibn ʿAmr ṣojú Makkah, ʿAlī sì kọ àdéhùn sílẹ̀ níṣojú ẹlẹ́rìí. Àdéhùn náà korò lẹ́nu àwọn sàábé: wọn yóò padà láìṣe ʿumrah lọ́dún náà, wọn yóò sì dá ẹni tí ó bá sá wá láti Makkah láìgbàṣẹ padà. ʿUmar béèrè ìbéèrè líle. Ànábì kò sọ fún un pé kò kàn án; ó dá a lóhùn. Kò sì fi oyin ra àdéhùn náà láti tan àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ibi tí ààlà wà nìyí. Bí a ṣe sọ̀rọ̀ kí a tó fẹnu kò lè jẹ́ àṣírí. Ohun tí a fẹnu kò sí, bí ó bá kan ilẹ̀, owó tàbí ẹ̀mí ará ìlú, tiwọn ni.

Ẹ̀jẹ̀ ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí. Nígbà tí ìjọba ológun dá ìjọba ìbílẹ̀ tuntun sílẹ̀ ní 1996, ibi tí olú-ilé ìjọba ìbílẹ̀ Ife East yóò wà di ìjà láàrin Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ní 1997. Ní ọdún kan náà, gbígbé olú-ilé ìjọba ìbílẹ̀ Warri South-West láti Ogbe-Ijoh lọ sí Ogidigben dá ogun sílẹ̀ láàrin Ìjọ̀ àti Itsekiri. Àṣẹ ti òkè wá. Àwọn tí yóò kú nítorí rẹ̀ kò sí níbi tí wọ́n ti pa á.

Owó náà ńkọ́? Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 162, fi owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ sínú àpò kan lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́ pé kò tọ́ kí ìpínlẹ̀ máa di owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 mú. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí owó bá dé ọ̀dọ̀ Òkìtìpupa àti Ìrèlè, tí àwọn alága méjèèjì sì jọ fẹnu kò lórí ọ̀nà kan nínú yàrá títì, ilé-ẹjọ́ kò sí nínú yàrá náà. Ọlọ́hun nìkan ló wà níbẹ̀, àti akọ̀wé.

Ẹ̀yin lè jẹ́ akọ̀wé náà lọ́la. Àwa ti jẹ́ ẹ rí, nígbà tí àdúgbò méjì ń jíròrò lórí ilẹ̀ ilé-kéú. Wọ́n ní kí a má sọ ohun tí ẹnikẹ́ni sọ, a sì pa á mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ parí, a tún pa iye owó tí wọ́n fẹnu kò sí mọ́, nítorí àgbà kan rọ̀ wá. Kí oṣù méjì tó pé, àhesọ ti sọ owó náà di ìlọ́po mẹ́ta, àwọn òbí sì ń kó ọmọ wọn kúrò. A pè é ní amāna. Ìbẹ̀rù ènìyàn ni. A tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ìyá wa:

1. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ jíròrò, àti ẹni tí ó rán wọn.

2. Bí ẹ bá wà nínú rẹ̀, ẹ pa ẹnu mọ́. Ẹ má fi fóònù gba ohùn ẹnikẹ́ni ní jìbìtì.

3. Bí ó bá parí, ẹ béèrè àdéhùn ní kíkọ: iye owó, ojú ààlà, àwọn tí ó fọwọ́ sí i. Bí Ọlọ́hun bá ní kí a kọ gbèsè ẹni méjì sílẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí nínú Sūratul-Baqarah, āyah 282, ti odidi ìlú méjì ńkọ́?

4. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ má ju òkò. Òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn ti 2011 fún ilé-iṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dá ìwé ìbéèrè yín lóhùn. Òfin náà ní ohun tí ó yọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé ó kan ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ kọ̀wé.

Bí irọ́ bá lọ ní ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tí a ó ṣí gbogbo àṣírí payá.

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe olùṣọ́ amāna, kí Ó má fi wá ṣe olùbo-olè-mọ́lẹ̀. Kí Ó fi àlàáfíà sí àárín Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ, Ìjọ̀ àti gbogbo aládùúgbò wa. Āmīn. Was-salāmu ʿalaykum.