Ṣé Àṣà Tó Yí Padà Ti Bàjẹ́?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Bí ènìyàn bá rin ìrìn àjò, tó bá àṣà ilé rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, tó sì rí i pé ó ti yí padà, ṣé ó tọ́ kó sọ pé wọ́n ti bà á jẹ́?

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ní orílẹ̀-èdè Bràsíl, ìlú ńlá kan wà létí òkun tó ń jẹ́ Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia. Ní ọjọ́ 2 oṣù kejì lọ́dọọdún, wọ́n ń ṣe ọdún Yemọja ní etíkun àdúgbò Rio Vermelho. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ óò bá èrò lórí ìlà kí ilẹ̀ tó mọ́. Aṣọ funfun ni ọ̀pọ̀ wọn wọ̀. Wọ́n mú òdòdó, lọ́fínńdà, ọṣẹ àti òòyà lọ́wọ́, wọ́n ń kó o sínú agbọ̀n ńlá. Nígbà tó bá di ọ̀sán, àwọn apẹja á fi ọkọ̀ ojú omi gbé àwọn agbọ̀n náà lọ sójú agbami. Àwọn apẹja ló bẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, ní nǹkan bí ọdún 1923, nígbà tí ẹja wọ́n.

Ọmọ Kétu tàbí ọmọ Ṣábẹ tó bá dúró níbẹ̀ yóò gbọ́ ohun tó mọ̀. Yóò gbọ́ "òrìṣà", yóò gbọ́ "àṣẹ". Yóò rí obìnrin tó ń din àkàrà nínú epo pupa. Yóò gbọ́ pé ilé òrìṣà kan wà ní ìlú náà tó ń jẹ́ Alaketu, àti pé "Nagô" ni wọ́n ń pe àwọn baba ńlá tó mú àṣà náà wá. Inú rẹ̀ á dùn.

Àmọ́ yóò tún rí ohun tí kò mọ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, odò Ògùn ni odò Yemọja, Olókun ló ni òkun. Lọ́hùn-ún, Yemọja ló ni òkun. Wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀ bí obìnrin tó ní ìrù ẹja. Wọ́n ń la àkàrà sí méjì, wọ́n ń fi edé sí i láàárín. Àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá ń gbé òdòdó wá. Ibẹ̀ ni àlejò lè ti sọ pé: "Èyí kì í ṣe tiwa mọ́."

Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ní ẹjọ́ láti rò. Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Bí olúkúlùkù bá ń yí àṣà bó ṣe wù ú, kí ni yóò kù? Òótọ́ sì ni pé àwọn kan wá síbẹ̀ kìkì láti mutí àti láti jó.

Ṣùgbọ́n báwo ni àṣà náà ṣe dé ọ̀hún? Ẹrú ni wọ́n kó àwọn tó mú un lọ. Wọ́n da ọmọ Kétu àti ọmọ Ọ̀yọ́ pọ̀ mọ́ àwọn tí kò gbọ́ èdè wọn. Ọdún 1888 ni òfin Bràsíl tó fòpin sí oko ẹrú. Lẹ́yìn náà pàápàá, ọlọ́pàá ń wọ ilé òrìṣà, wọ́n ń kó ìlù lọ. Ní Bahia, títí di ọdún 1976, àwọn ilé òrìṣà ní láti gbàṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ẹni tí wọ́n mú kúrò létí odò rẹ̀, tó jẹ́ pé òkun ló wà níwájú rẹ̀, níbo ni kó ti pe Yemọja? Ká ní kò yí i padà ni, ì bá ti sọ ọ́ nù.

Nítorí náà, ká tó wo bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan, ká kọ́kọ́ wo ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Láìpẹ́ yìí, àwọn olórìṣà kan ní Bahia ń kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi ike, ìgò àti dígí sínú òkun mọ́, torí ó ń ṣe ẹja léṣe. Ohun tó lè jẹrà ni kí wọ́n mú wá. Dígí ti wà nínú ẹ̀bùn náà tipẹ́. Ṣé wọ́n ba àṣà jẹ́ ni? Rárá o. Ẹni tó ń bọlá fún ìyá ẹja kò gbọdọ̀ pa ẹja dànù. Wọ́n yí ìṣe padà kí ìdí rẹ̀ má bàa sọnù.

Àpẹẹrẹ wà nítòsí wa pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn Àgùdà padà láti Bahia wá sí Àjàṣẹ́, wọ́n mú ọ̀nà ìkọ́lé ọ̀hún bọ̀. Mọ́sáláṣí ńlá àtijọ́ tó wà ní Àjàṣẹ́ jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia. Síbẹ̀ mùsùlùmí ló kọ́ ọ, Ọlọ́run kan náà ni wọ́n sì kírun sí nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá dé ilẹ̀ àjèjì, ẹ béèrè kí ẹ tó dájọ́. Ẹ má ya fọ́tò ẹni tó ń gbàdúrà láìgbàṣẹ. Bí wọ́n bá bi yín bí a ṣe ń ṣe é nílé, ẹ sọ òtítọ́ láìgbéraga. Bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ẹni tó jókòó sábẹ́ òrùlé kò yẹ kó máa fi ẹni tó ṣọ́ iná nínú òjò ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìbéèrè fún ìjíròrò: Àṣà wo ló ti yí padà ní abúlé yín láti ìgbà èwe yín? Ṣé ìdí tí àwọn àgbà fi ń ṣe é ṣì wà níbẹ̀?