Bí Onígbàgbọ́ Bá Fa Ínhélà

Ní agbègbè Upenmen, láàárín Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó ṣòro kí èèyàn jí láàárọ̀ kó má gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ohùn ládàánì. Ọdún kan kì í sì í kọjá kí ọyẹ́ má fẹ́, kí eruku má bo ewé kòkó, kí èéfín ibi tí àwọn ìyá ti ń yan gàrí má dúró sójú kan bí ẹni pé kò fẹ́ lọ mọ́. Ibi tí ìgbàgbọ́ ti lágbára, tí afẹ́fẹ́ sì nípọn báyìí, ni ìbéèrè kan ti ń dààmú ìdílé tó bá ní alásímà. Bí wọ́n bá ti gbàdúrà fún ọmọ, tí wọ́n ti da òróró sí i lórí, ṣé ó tún yẹ kó máa fa ínhélà? Ṣé ẹni tó ń fà á kò ti sọ pé Ọlọ́run ò tó?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tàwọn òpè. Ìtàn ló bí i. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú gba Èkó wọ ilẹ̀ Yorùbá, dókítà ò tó nǹkan, oògùn òyìnbó tó wà nílẹ̀ ò sì ran àrùn náà. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, Joseph Ṣadaré kó àwọn díẹ̀ jọ nínú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour, wọ́n di ẹgbẹ́ àdúrà. Sophia Ọdúnlámì, ọmọdébìnrin tó jẹ́ olùkọ́, dìde, ó ní a rán òun níṣẹ́ pé àdúrà àti omi òjò ni ìwòsàn. Àwọn ni Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye, tó kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà ní 1922. Lẹ́yìn wọn ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá dé, ẹni tó ń wa katakata tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà kó tó gbọ́ ìpè ní 1928. Ní 1930, ìsọjí tó bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oyè ní Iléṣà fa èrò láti ìlú dé ìlú, pẹ̀lú igbá omi lọ́wọ́.

Ìjà tó ṣe kókó jù fún ọ̀rọ̀ wa dé lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn òyìnbó oníwàásù láti ìjọ Àpọ́sítélì ní Bìrìtéènì, George Perfect àti Idris Vaughan, dé ní 1932 láti bá àwọn aládùúrà ṣiṣẹ́. Wọ́n ń lo kíníìnì kí ibà má baà pa wọ́n. Akínyẹlé, Ọdúbánjọ àti Babalọlá, àwọn olórí aládùúrà, ní kò lè rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó ń wàásù ìwòsàn láti ọ̀run kò gbọdọ̀ máa gbé hóró oògùn mì. Kíníìnì yìí wà lára ohun tó pín ìjọ náà sí méjì láàárín 1939 àti 1941, tí apá kan fi di Christ Apostolic Church (CAC). Akínyẹlé kan náà ló jọba Olúbàdàn ní 1955, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé aláìmọ̀wé ni àwọn tó ń jiyàn náà.

Ó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún wọn. Ohun tí wọ́n fojú rí ni wọ́n jẹ́rìí sí. Ní 1918, kò sí oògùn kankan lọ́wọ́ dókítà tó lè pa kòkòrò lùkúlùkú. Ẹni tó lọ sílé ìwòsàn kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ẹni tó kúnlẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá fi ìyẹn dá oògùn òyìnbó lẹ́jọ́, ta ni yóò dá wọn lẹ́bi? Àṣìṣe bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ wọn mú ìdájọ́ tí wọ́n ṣe lórí àrùn kan, tí wọ́n fi ń dá gbogbo àrùn lẹ́jọ́. Nínú gbogbo àrùn, àsímà ni ìdájọ́ yẹn bá mu kéré jù.

Àsímà, tí àwọn àgbà ibòmíràn ń pè ní ikọ́ sémìí-sémìí, jẹ́ àìsàn tó máa ń wá, tó sì máa ń lọ. Ọ̀nà èémí inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń wú, iṣan tó yí i ká á fún pọ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á sì dí ìwọ̀nba ààyè tó kù. Èémí á wá máa fọn bíi fèrè. Lẹ́yìn wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀, iṣan lè tú, ọmọ á bọ́ síta, á máa gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n wíwú inú lọ́hùn-ún ṣì wà níbẹ̀, kò ro ni, kò sì dún. Oṣù mẹ́ta lè kọjá tí ikọ́ kan ò wú. Àwọn ọmọ mìíràn tilẹ̀ wà tí í fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dàgbà, tó tún padà wá bá àwọn kan lára wọn ní ogójì ọdún.

Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe sí ẹ̀rí jíjẹ́. Ìyá gbé ọmọ lọ sí ìṣọ́ òru ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n gbàdúrà, nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi ọmọ ń jó. Ìyá jẹ́rìí, ìjọ hó yèè, wọ́n sì ní kó sọ ínhélà nù kó fi hàn pé òun gbàgbọ́. Irọ́ kankan ò sí nínú ẹ̀rí yẹn. Ara ọmọ náà yá lóòótọ́, ó sì tọ́ ká dúpẹ́. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ìjọ náà ni ẹ̀rí pé wíwú inú ẹ̀dọ̀fóró ti tán. Ọyẹ́ oṣù Kejìlá ni yóò dáhùn ìyẹn, ó sì lè dáhùn ní aago mẹ́rin òru, nígbà tí ínhélà ti wà lórí àkìtàn.

Aago òru yìí náà ti dá ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn sílẹ̀. Nítorí pé òru ni èémí sábà máa ń há, ọ̀pọ̀ ìdílé gbà pé àjẹ́ ló ń fún ọmọ lọ́rùn, wọ́n á sì máa wo ìyá bàbá tó ń sùn ní yàrá kejì. Ara ni ó ń ṣe é. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn èròjà tí ara fúnra rẹ̀ ń pèsè láti mú wíwú rọlẹ̀ á dínkù, ọ̀nà èémí á sì fún sí i títí di ìdájí. Ìyá àgbà ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ̀sùn burúkú ni, ó sì yẹ kí olórí ìjọ kọ́kọ́ lé e kúrò nínú ilé kó tó lé ohunkóhun.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ pé oògùn ń tàbùkù Ọlọ́run ti wá? Kò wá látọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá wa. Babaláwo á dá Ifá, á ní kí wọ́n rúbọ, lẹ́yìn náà á wọ igbó lọ já ewé. Ọ̀rúnmìlà àti Ọ̀sanyìn jọ ń ṣiṣẹ́ ni, kò sẹ́ni tó sọ pé ewé rí òòṣà fín. Bíbélì náà ò sọ bẹ́ẹ̀: Ọlọ́run ti ṣèlérí ìwòsàn fún ọba Hesekáyà, síbẹ̀ Àìsáyà ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé ojú eéwo rẹ̀. Pọ́ọ̀lù, tí aṣọ ara rẹ̀ ń wo aláìsàn sàn, gba Tímótì nímọ̀ràn kó mu wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀. Ní Ọ̀wọ̀ níbí, ìjọ Àgùdà tó ń ṣe ìsìn Máàsì ló tún ni ilé ìwòsàn St. Louis.

Ìbéèrè tàwọn Mùsùlùmí yàtọ̀ díẹ̀, ó sì jinlẹ̀. Ànábì ní kí aláìsàn wá ìtọ́jú, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn nínú. Ààwẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀: ṣé ohun tí ínhélà ń fín sínú ẹ̀dọ̀fóró ń ba ààwẹ̀ jẹ́? Ibn Baz àti Ibn Uthaymin, àwọn onímọ̀ ńlá ní Saudi, ní kò bà á jẹ́. Àwọn onímọ̀ mìíràn ò gbà. Àmọ́ gbogbo wọn ló mọ̀ pé Kùránì yọ̀ǹda fún aláìsàn láti san ààwẹ̀ padà ní ọjọ́ mìíràn. Ínhélà ìdènà, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni wọ́n sábà ń lò ó, ó sì lè bọ́ sí àkókò sààrì àti ìṣínu láìsí wàhálà. Èyí tó ń tú èémí ni kò gbọdọ̀ jìnnà sí aláàwẹ̀, nítorí ẹni tó ń kú lọ kò lè dúró de oòrùn kó wọ̀.

Oríṣi méjì ni ínhélà, èyí sì ni ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Salbutamol, tó sábà máa ń ní àwọ̀ búlúù, ló ń tú iṣan láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Beclometasone, tó jẹ́ ínhélà ìdènà, ló ń mú wíwú rọlẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ń lò lójoojúmọ́, àní nígbà tí ara bá dá ṣáṣá. Láti 2019 ni àwọn amòye àgbáyé ti ń kìlọ̀ pé kí àgbàlagbà tàbí ọ̀dọ́langba má ṣe gbára lé salbutamol nìkan.

Fífà á ní ọgbọ́n. Èèyàn á mì í, á mí síta tán, á fi ètè pa ẹnu rẹ̀ dé dáadáa, á tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọra fà á wọlé, kó tó sé èémí dúró tó kíkà mẹ́wàá. Ọmọ kékeré ò lè ṣe gbogbo èyí. Fún ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń lo ìgò oníke omi olówó pọ́ọ́kú: wọ́n á gé ihò sí ìdí ìgò náà tó bá ẹnu ínhélà mu ṣinṣin, ọmọ á fi ẹnu sí ọrùn ìgò, wọ́n á tẹ ínhélà, ọmọ á sì máa mí jẹ́jẹ́ nínú rẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní South Africa ní 1999 fi hàn pé ìgò báyìí ń ṣiṣẹ́ bíi ti èyí tí wọ́n ń tà lówó gọbọi. Bí ọmọ ò bá lè parí gbólóhùn kan, tí àárín egungun ìhà rẹ̀ ń wọlé, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, kí wọ́n jẹ́ kó jókòó, kí wọ́n fún un ní salbutamol, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ (FMC) ní Ọ̀wọ̀ tàbí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù. Kí ẹnikẹ́ni má da epo sí i lẹ́nu. Ẹni tí kò rí èémí mí lè fa epo náà sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Àjọ WHO ṣírò pé èèyàn mílíọ̀nù 262 ló ní àsímà ní 2019, ó sì pa 455,000. Orílẹ̀-èdè tí owó ò ti pọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù kú sí. Lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ oògùn GSK kéde ní oṣù Kẹjọ 2023 pé àwọn ń kúrò ní Nàìjíríà, owó Ventolin, ìyẹn salbutamol tiwọn, fò sókè, àgbẹ̀ kòkó tí ọmọ rẹ̀ nílò rẹ̀ sì ń wo ojú oníkẹ́míìsì.

Nítorí náà, ẹ̀yin pásítọ̀, wòlíì àti ààfáà tó wà ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, ẹ máa gbàdúrà fún àwọn ọmọ yìí láìdákẹ́. Ẹ ṣí fèrèsé bí tùràrí bá ń jó, ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbá ilé ìsìn. Ẹ yọ díẹ̀ nínú owó àánú àti sàká fi ra ínhélà fún ẹni tí kò lè rà á. Bí ìyá kan bá sì dìde láti jẹ́rìí pé àsímà ti fi ọmọ òun sílẹ̀, ẹ bá a yọ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún un níṣojú gbogbo ìjọ pé kó má dá oògùn kankan dúró títí dókítà yóò fi yẹ ọmọ náà wò.