Mẹfiboṣẹti Níbi Tábìlì Ọba



Ìwé Samuẹli Kejì, orí kẹsàn-án, sọ ìtàn Mẹfiboṣẹti ọmọ Jonatani fún wa. Arọ ni ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Síbẹ̀ Dáfídì ọba ránṣẹ́ pè é, ó sì mú un jókòó níbi tábìlì rẹ̀ nígbà gbogbo. Ohun tí ó mú wa rántí rẹ̀ lóṣù yìí ni àyẹ̀wò tí àwọn oníṣègùn ń ṣe fún aboyún, láti mọ̀ bí ọmọ inú rẹ̀ bá ní ohun tí wọ́n ń pè ní Down syndrome.

Kí ará Kòmu má ṣe wí pé ọ̀ràn òkèèrè ni èyí. A ń ṣe àyẹ̀wò náà ní Èkó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a ń fi í lọ gbogbo aboyún. Àwọn ọmọ wa sì ń gbé níbẹ̀.

John Langdon Down, dókítà Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣe àpèjúwe irú àwọn ọmọ wọ̀nyí ní 1866. Ní 1959, Jérôme Lejeune àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé fi hàn pé chromosome, èyíinì ni okùn tín-ín-rín tí ó ń gbé àbùdá wa, jẹ́ 47 nínú ara wọn dípò 46. Nítorí náà, kì í ṣe iṣẹ́ àjẹ́, kì í sì í ṣe ẹ̀san ẹ̀ṣẹ̀ ìyá.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò lè fi ìdí ọ̀ràn náà múlẹ̀. Bí ó ti ṣeé ṣe tó ni ó ń sọ. Abẹ́rẹ́ tí a fi ń fa omi inú oyún ni ó ń fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ó sì lè ba oyún jẹ́ nígbà mìíràn. Ẹni tí ó bá ṣe àyẹ̀wò láti múra sílẹ̀ ṣe rere, nítorí nǹkan bí ìdajì irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ó ń ní àléébù ọkàn. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe sọ ìmọ̀ di onídàájọ́. Lejeune tìkára rẹ̀ káàánú pé a ń fi àwárí òun pa ọmọ inú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Heidi Crowter, obìnrin tí ó ní Down syndrome, pe ìjọba lẹ́jọ́ nítorí òfin tí ó gbà kí a ṣẹ́ irú oyún bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ ìbí. Ilé ẹjọ́ kò gbà fún un ní 2021 àti ní 2022.

Síbẹ̀, kí a má ṣe yára dá ìyá tí ẹ̀rù ń bà lẹ́bi. Ó ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí a fi pamọ́ sí ìyẹ̀wù, tí ilé-ẹ̀kọ́ kò gbà, tí a fi ṣe ẹlẹ́yà. A máa ń wí pé ẹni tí ó bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Òwe yìí kò yẹ ìjọ Kristi. Èyí ni ó yẹ wá: ẹnì kan ní í bí ọmọ, igba ènìyàn ní í wò ó.

Dáfídì kò kàn dá ẹ̀mí Mẹfiboṣẹti sí; ó fún un ní ilẹ̀, ó fún un ní ìránṣẹ́, ó sì fún un ní ìjókòó. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wá àyè fún irú ọmọ yìí ní kíláàsì. Ẹ̀yin Ẹgbẹ́ Ìyá, ẹ bá ìyá rẹ̀ gbé e. Nígbà náà ni a ó lè wí fún aboyún pé kí ó má bẹ̀rù, ojú kì yóò sì tì wá.

Kí Ọlọ́run fún wa ní oore-ọ̀fẹ́ láti ṣe é, nípa Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.